Ẹsẹ̀ Le, Ẹnu Le Jù Ú Lọ

Ọkọ mi Lussorio, bí ògiri bá wó lù ú, ohun tí yóò sọ ni pé eruku díẹ̀ ló kan òun lára. Mo ti ń bá a gbé láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú, mo sì lè búra pé n kò gbọ́ "ó ń dùn mí" lẹ́nu rẹ̀ rí. Àwọn kan rò pé ìwà tó dára nìyẹn. Kí wọ́n wá bá a gbé fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ní Orthiai, abúlé wa tó wà lórí òkè láàárín erékùṣù Sardinia, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọkùnrin. Bí àlejò bá bi ọ́ pé ṣé dáadáa ni, "kò burú" ni ìdáhùn, ì báà jẹ́ pé orí rẹ ti fẹ́ já bọ́. Bàbá Lussorio fi àáké gé ìka ara rẹ̀ nígbà tó ń la igi. Ó fi aṣọ wé e, ó fún wàrà àwọn àgùntàn tó kù tán, kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Nílé wọn, wọ́n máa ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn ọmọ bí ẹni ń sọ ìtàn ẹni mímọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ò kán sínú wàrà. Wọ́n wò mí bíi pé mo ṣépè.

Darandaran ni Lussorio, bí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀. Bó bá dijú, ó mọ àgùntàn tó ń ké. Wàràkàṣì rẹ̀, àwọn ará ìsàlẹ̀ òkè máa ń wa mọ́tò wá rà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe wàràkàṣì ni mo rí tí mo fi fẹ́ ẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo rí. Níbi àjọ̀dún, a so ọwọ́ kọ́ra, à ń jó ijó àjójọpọ̀ tiwa, ẹsẹ̀ ọmọkùnrin yìí ń yára débi pé ojú mi ò lè bá a, ojú tirẹ̀ sì dúró gbagidi bí ẹni tó wà níbi ìsìnkú. Mo sọ fún ìyá mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé mo ti rí ọkọ. Ó yẹ kí n wo ojú yẹn dáadáa. Gbogbo ohun tó máa fi ojú mi rí ti wà níbẹ̀.

Ojú ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ojú òsì rẹ̀ ṣú bíi pé èéfín wà nínú rẹ̀. Ó ní eruku ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Ó ní bàtà ni. Ìgbà tó ṣubú láàárín agbo, tí àwọn àgùntàn dúró yí i ká tí wọ́n ń wò ó, tí ó sì ní òun kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ ni, ìgbà yẹn ni mo wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Skleròsi ni. Ní abúlé wa, kò sí ẹni tó ń béèrè pé kí ni skleròsi. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ta ló kàn nínú ìdílé yín. Àìsàn náà máa ń họ èèpo ara àwọn okùn tín-ín-rín tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á wá máa ṣìnà. Ọpọlọ ní kí ẹsẹ̀ rọ̀, ẹsẹ̀ á gbọ́ pé kó le.

Ó sì ń le. Àárọ̀ ló burú jù. Ẹsẹ̀ méjèèjì á na gbọnrangandan bíi pátákó, èmi ni mo máa jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, tí màá máa ká orúnkún rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ṣòkòtò tó lè wọlé. Nígbà míì, iṣan á ṣàdédé fà. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ yẹn gbá mi lu kọ́bọ́ọ̀dù. Òógùn ń ṣàn lójú Lussorio, ó di eyín pọ̀, ó wá ń bi mí:

"Ṣé o ò fara pa?"

"Èmi ò fara pa. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi? Kò burú."

Oògùn oníhóró tí wọ́n kọ́kọ́ fún un dẹ iṣan náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo Lussorio ló bá a dẹ̀. Ó ń sùn sídìí ọbẹ̀. Ó sùn lórí ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń hanrun nígbà tí fadá ń wàásù, mo sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Ó kó oògùn náà dànù, kò sì sọ fún mi. Inú garawa oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ ni mo ti bá wọn.

Bachisio, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ló ń bá wa lọ fún wàrà láàárọ̀. Ọmọ dáadáa ni Bachisio, ṣùgbọ́n ó fẹ́ agbo yẹn bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ ohun ìṣeré.

"Ẹ̀gbọ́n," ó máa ń sọ, "ẹ kó wọn fún mi, kí ẹ lọ jókòó síwájú ilé, kí ẹ máa wo àwọn tó ń kọjá."

Lussorio ò bínú sí i. Ó kàn sọ pé lọ́jọ́ tí òun ò bá lè jókòó lórí àpótí ìfúnwàrà mọ́, kó máa kó wọn lọ. Àpótí yẹn kúrú gan-an, orúnkún gbọ́dọ̀ ká dáadáa kéèyàn tó lè jókòó lé e. Ní ìgbà òtútù ọdún náà, èmi àti Bachisio la jọ ń gbé e jókòó, a jọ ń gbé e dìde, mo sì ń rí i pé ọjọ́ yẹn ti dé tán, ẹni kan ṣoṣo tí kò tíì sọ ọ́ ni òun fúnra rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni dókítà sọ fún wa nípa oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu. Ọmọbìnrin kan ni dókítà yìí, Tiraboschi lorúkọ rẹ̀, ó wá láti àríwá Italy, lódìkejì òkun. Ara igbó tí àwọn kan máa ń fà bíi sìgá ni wọ́n ti yọ oògùn náà. Nǹkan méjì ni wọ́n yọ jáde tí wọ́n pò pọ̀, èyí tó ń pani bí ọtí àti èyí tí kì í pani. Kò lè wo àìsàn náà sàn, ó kàn lè jẹ́ kí ẹsẹ̀ rọ̀ ni. Kì í sì í bá gbogbo èèyàn lára mu, ìdí nìyẹn tí òfin fi wà: wọ́n á bi aláìsàn pé báwo ni ẹsẹ̀ ṣe le tó, kó fi nọ́ńbà sọ ọ́, á lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n á tún bi í. Tí nọ́ńbà ò bá wálẹ̀ dáadáa, wọ́n á gba oògùn padà. Ìyẹn ò le. Ọmọ kékeré lè ṣe é.

"Bàbá," dókítà ní, "ká sọ pé òdo ni kí ẹsẹ̀ má le rárá, kí mẹ́wàá jẹ́ èyí tó le jù tí ẹ lè rò. Láti àná sí òní, mélòó ni tiyín?"

Lussorio wo fèrèsé.

"Mẹ́ta."

Mẹ́ta! Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kọfí mi ti tutù kí n tó rí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kì bọ ṣòkòtò. Mo fi bàtà gbá a lábẹ́ tábìlì. Iṣan náà fà, ẹsẹ̀ náà ta sókè, ó gbá tábìlì dókítà, bírò gbogbo fọ́n ká ilẹ̀.

"Ṣé ẹsẹ̀ yín nìyẹn, Bàbá?"

"Tábìlì yín ni," ni ọkọ mi wí. "Kò dúró dáadáa."

Dókítà ṣa bírò rẹ̀, ó jókòó. Ó ní tó bá jẹ́ mẹ́ta ni, òun ò lè fún un ní oògùn yìí, ó gbọ́dọ̀ tó mẹ́rin ó kéré tán.

"Mẹ́rin, nígbà náà," ni Lussorio wí, bí ẹni ń fi díẹ̀ kún owó ọ̀dọ́ àgùntàn.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Mo ti ní mẹ́rin."

Bí a ṣe jókòó sínú mọ́tò, mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Mẹ́rin! Lussorio, mẹ́rin! Tí èyí bá jẹ́ mẹ́rin, kí ni mẹ́wàá? Kí wọ́n kàn ọ́ mọ́gi?"

"Ṣé ó gbà á àbí kò gbà á?"

"Ó gbà á."

"Ó parí nìyẹn. Tan mọ́tò."

Ìgò kékeré ni oògùn náà, inú fíríìjì la ń tọ́jú rẹ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wàràkàṣì. Lussorio ní ó korò bí ìgbà téèyàn bá lá orí bátìrì. Díẹ̀díẹ̀ la ń fi kún un, òní ìsàlẹ̀ ahọ́n, ọ̀la ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó má baà bó o lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òòyì ń kọ́ ọ díẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó burú nínú rẹ̀ ni ẹnu ará abúlé. Mallena, ìyá tó ń yan búrẹ́dì pẹlẹbẹ wa, kò jẹ́ kí n gbé ẹsẹ̀ wọlé tán.

"Battistina, wọ́n ní ìjọba ti ń fún ọkọ rẹ nígbó mu."

"Wọn kì í mu ún, Ìyá. Wọ́n ń fín in sẹ́nu ni."

"Ọmọ tèmi gbin díẹ̀ sórí òkè, ọlọ́pàá gbé hẹlikọ́pítà wá, wọ́n dáná sun ún. Ti ọkọ tìrẹ, ilé ìwòsàn ló ti ń gbà á!"

"Ṣé ọmọ yín ní skleròsi ni?"

"Háà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Ẹ fún mi ní búrẹ́dì mi, Ìyá Mallena, kí n máa lọ."

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ń se kọfí láàárọ̀, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àti ọ̀pá lẹ́yìn mi. Mo yíjú. Lussorio ló dúró síbẹ̀, ó ti wọ ṣòkòtò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kọfí hó dànù sórí iná. Inú mi dùn débi pé n kò mọ ohun tí mo lè ṣe, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ ọn pé ó ti fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọ ilé ìdáná mi. Ọjọ́ yẹn náà la lọ sí ọgbà àgùntàn. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara igi, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó ká orúnkún, ó jókòó lórí àpótí, ó na ọwọ́ sí àgùntàn àkọ́kọ́. Bachisio dúró tì í pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ ti yá tán o. Ó ṣì ń fi ọ̀pá rìn, iṣan ṣì ń fà díẹ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ń fún wàrà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, dókítà dìde dúró, inú ọmọ náà dùn.

"Bàbá! Ó dáa o. Mélòó ló kù báyìí?"

Lussorio rò ó dáadáa. Mo rí i pé ó ń rò ó. Ó fẹ́ràn ọmọ yẹn, ó sì fẹ́ sọ òtítọ́ fún un.

"Mẹ́rin," ó ní.

Dókítà wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún wo Lussorio.

"Bàbá, mẹ́rin lẹ sọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀."

"Mẹ́rin náà ni. Ó ṣì ń fà díẹ̀ láàárọ̀. N kò ní parọ́ fún yín, ẹ ti ṣe dáadáa fún mi."

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. "Sọ pé méjì!" ni mo pariwo, níwájú dókítà, níwájú gbogbo ayé. "Lussorio, sọ pé ọ̀kan! Sọ pé méjì!"

"N kò ní parọ́."

"O ti parọ́ lọ́jọ́ sí! Mẹ́rin wo lo ní lọ́jọ́ sí? Ẹni tí mo ń ká lẹ́sẹ̀ bí ẹni ń ká irin!"

"Ìyẹn kì í ṣe irọ́," ni ọkọ mi dá mi lóhùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. "Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn."

Mo jókòó. Kí lèèyàn fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ? Ó parọ́ nígbà tó yẹ kó sọ òtítọ́, ó wá sọ òtítọ́ nígbà tí irọ́ díẹ̀ ì bá gbà wá, ó sì jókòó síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Dókítà fọwọ́ lérán. Ó ní, "Ìyá, mo gbà yín gbọ́. Èmi náà rí bó ṣe wọlé. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni nọ́ńbà ti gbọ́dọ̀ wá, kì í ṣe ẹnu yín, kì í ṣe ojú mi." Ohun tí òun lè ṣe ni pé kí a dá oògùn náà dúró, kó tán lára rẹ̀, kí a padà wá lẹ́yìn Àjíǹde, kí òun béèrè lọ́tun. Tí Lussorio bá sọ bó ṣe rí gan-an nígbà yẹn, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá sọ ọ́, kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e yẹn, kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ hàn mí mọ́. Ẹsẹ̀ náà padà le, ó sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ọkọ mi ti wá rántí bó ṣe ń rí kí ẹsẹ̀ rọ̀. Mo padà sétí bẹ́ẹ̀dì. Mò ń ká orúnkún, mò ń bú u, ó ń wo àjà. Bachisio gbé ọtí wáìnì wá lọ́jọ́ Ìsinmi kan, kò lè wo ojú mi. Lussorio ló bá a sọ ọ́.

"Bí mo bá ti ọ̀dọ̀ dókítà bọ̀ láìsí oògùn, wá kó wọn lọ́jọ́ kejì."

"Ẹ̀gbọ́n, kò tíì kán mi lójú..."

"Wá kó wọn. Mu wáìnì rẹ."

Ní ọjọ́ tí à ń padà lọ, mo ń wa mọ́tò sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, mo sì ń kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní katikísìmù. "Mélòó ni wàá sọ? Mẹ́sàn-án. Sọ ọ́ kí n gbọ́. Mẹ́sàn-án."

"Battistina, wo ọ̀nà."

Dókítà béèrè ìbéèrè náà bó ṣe béèrè rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lussorio wo fèrèsé. Ọwọ́ rẹ̀ di ọ̀pá mú débi pé èékánná rẹ̀ funfun. Mo gé ahọ́n mi jẹ kí n má baà sọ̀rọ̀. Lọ́kàn mi, mo ń wo agbo àgùntàn wa tó ń lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn Bachisio.

"Dókítà," ó ní níkẹyìn, "kí ìyàwó mi jáde."

"Èmi? Èmi tí mò ń wọ ṣòkòtò fún ọ?"

"Jáde, Battistina." Ó wá fi kún un pé, "Jọ̀ọ́."

Mo jáde. Mo gbá ilẹ̀kùn náà tìkà-tẹ̀gbin, ó lu férémù, ó padà ṣí díẹ̀. Mo fẹ́ padà lọ tì í dáadáa. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Mẹ́wàá," ó ní.

Mo gbọ́ tí dókítà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Mẹ́wàá ni. Ó ti pẹ́ tó ti wà ní mẹ́wàá. Láàárọ̀, tó bá ń ká orúnkún mi, ó dà bíi pé wọ́n ń fa ẹran ara mi ya. Mo máa ń pe orúkọ àwọn àgùntàn lọ́kàn kí n má baà ké."

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ látẹ̀yìnwá?"

"Ó wà níbẹ̀, àbí? Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló jókòó tì mí. Dókítà, tó bá mọ̀ pé ọwọ́ òun ló ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀, kò ní lè fọwọ́ kàn mí mọ́. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ariwo lásán ló ní lẹ́nu. Á máa sunkún ni."

Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Nọ́ọ̀sì kan kọjá, ó bi mí bóyá mò ń wá ẹnì kan, mo mi orí. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ wọlé padà lọ gbá a létí. Gbogbo ọdún yẹn, gbogbo àárọ̀ yẹn, èmi rò pé mo mọ gbogbo rẹ̀, mẹ́sàn-án ni mo tilẹ̀ ń kọ́ ọ pé kó sọ. Mo fa ilẹ̀kùn náà pẹ̀lẹ́ títí ó fi dé, mo lọ jókòó lórí àga tó jìnnà.

Nígbà tó jáde, ìwé oògùn wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Kò sọ fún mi ohun tó bá dókítà sọ, n kò sì béèrè, ìyẹn ló ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Nínú mọ́tò, ó ní kí n pe Bachisio, kí n sọ fún un pé àwọn àgùntàn ò lọ síbì kankan. Mo pè é. Bachisio ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin," ó sì dún bíi pé òtítọ́ ni.

Oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì na gbọnrangandan, ó sì yẹ kí ṣòkòtò wọlé. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé ọwọ́ mi lé orúnkún rẹ̀. Ó ń wo àjà. Mo ká a, bí mo ṣe máa ń ká a, kò yá jù, kò pẹ́ jù, mo sì ń bú u pé ó wúwo bíi màlúù, pé bàtà rẹ̀ ti ba ilé mi jẹ́, pé ìdílé wọn látòkèdélẹ̀ olórí kunkun ni wọ́n. Mò ń bú u kí ohùn mi má baà gbọ̀n.

"Kí ni gbogbo ariwo yìí láàárọ̀ kùtù?" ó bi mí.

"Gbé ìdí sókè, jàre," ni mo wí, "kí ṣòkòtò lè kọjá."